Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Di Ọgbà Ìgbafẹ́: Ìtàn Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó

Bóyá inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí Third Mainland lẹ wà, bóyá ẹ ti na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn láti kà ju láti gbọ́ lọ, ọ̀rọ̀ inú ètò náà la tẹ̀ síbí.

Lónìí, Erékùṣù Èkó là ń lọ. Adúgbò tí àwọn àgbà ń pè ní Pópó Àgùdà la fẹ́ rìn: láti Ìta Tinúbú, gba Bámgbóṣé, kọjá sí Kakawa, Odùnlámì, Tòkunbọ̀ àti Campos, títí dé Broad Street. Bí ẹ bá ti lọ ra aṣọ ní Balógun rí, tàbí tí ẹ ti lọ wo eré ní Freedom Park rí, ẹ ti kọjá níbẹ̀, bóyá ẹ ò kàn mọ̀ ni.

Ìdí tá a fi yan adúgbò yìí rèé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, wọ́n ṣí ọgbà ìgbafẹ́ kan fún gbogbo èèyàn, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó ilé kan tí ìjọba ti kéde láti ọdún 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti ibi kìíní dé ibi kejì kí orin márùn-ún tó parí lórí fóònù yín. Báwo ló ṣe jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n tí kò wu ẹnikẹ́ni ló rí ẹni tún un ṣe, tí ilé tí òfin dáàbò bò sì di ilẹ̀? Ohun tá a fẹ́ tú wò nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀, ẹ fi etí sílẹ̀.

Àwọn wo ló ń jẹ́ Àgùdà?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó ni adúgbò. Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá sinmi. Òwu fọ́, Ọ̀yọ́ Ilé tú, ìlú ń kọ lu ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n tà sétí òkun, tí ọkọ̀ ojú omi sì gbé wọn lọ sí Brazil àti Cuba. Ní Bahia lọ́hùn-ún, Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tó wà lóko ẹrú dìde ogun ní ìlú Salvador, àwọn Nàgó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba ṣẹ́gun wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fojú burúkú wo gbogbo aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira. Wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú, àwọn mìíràn fúnra wọn tu owó jọ, wọ́n san owó ọkọ̀, wọ́n sì gbọ̀nà ilé.

Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gúnlẹ̀ sí. Nígbà ayé Ọba Dòsùnmú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, wọ́n sì rí ilẹ̀ tẹ̀dó sí ní apá ìlà-oòrùn Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, àwọn Àgùdà sì ń dé títí tí Brazil fi fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1888. Àwọn Sàró tí wọ́n bọ̀ láti Sierra Leone wà ní Ọlọ́wọ̀gbowó, àwọn Àgùdà wà ní Pópó tiwọn. Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó ń jẹ́ Pereira, da Silva tàbí da Costa, tó sì ń pa òwe Yorùbá jù yín lọ, ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wàyí.

Wọ́n kó oúnjẹ wọn bọ̀: frejon tá à ń jẹ lọ́jọ́ Good Friday, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, ọwọ́ wọn la ti rí i. Wọ́n kó ijó àti agọ̀ wọn bọ̀, òun náà ló di kàníbà tí wọ́n ń ṣe ní Campos àti Lafíàjí títí di òní. Kódà, ẹ wo èdè wa. Ìjọ Kátólíìkì, ìjọ Àgùdà ni Yorùbá ń pè é. Òpópónà Tòkunbọ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Lónìí, bí a bá gbọ́ tòkunbọ̀, mọ́tò àlòkù àti fíríìjì àlòkù ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn ni, orúkọ ọmọ tó ti òkun bọ̀ wálé.

Ohun tó hàn jù lọ tí wọ́n kó bọ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́. Bíríkìlà, káfíńtà, alágbẹ̀dẹ, télọ̀ ló pọ̀ nínú wọn. Lásìkò tí ilé amọ̀ àti òrùlé koríko ṣì pọ̀ ní Èkó, àwọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dìde, pẹ̀lú fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ mọ sára ògiri, àti irin tí wọ́n rọ sí ojú báńkóní. Ẹ rántí o: oko ẹrú ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ tí wọ́n fi tipátipá kọ́ wọn nílẹ̀ àjòjì ni wọ́n wá fi kọ́lé ara wọn.

Ilé Omi ní Kakawa

Ọ̀kan nínú wọn ni João Esan da Rocha. Ọmọ Iléṣà ni. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n jí i gbé, tí wọ́n sì tà á sí Bahia. Ibẹ̀ ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti gbéyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Candido ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1860. Ní bí ọdún 1870 sókè ni ìdílé náà padà sí Èkó, ó sì kọ́ ilé sí òpópónà Kakawa.

Ohun tó jẹ́ kí ilé náà lókìkí ni kànga tó wà nínú rẹ̀. Ní àsìkò yẹn, omi tó dáa ṣòro láti rí ní Erékùṣù. Omi ẹ̀rọ ìjọba láti Ìjù kò tíì dé. Ó di nǹkan bí ọdún 1915 kó tó ṣàn wọ Èkó. Nítorí náà, àwọn ará àdúgbò ń gbé korobá wá ra omi lọ́dọ̀ da Rocha. Bí ilé náà ṣe di Ilé Omi nìyẹn, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Water House.

Candido ló jogún rẹ̀, ó sì lówó ju bàbá rẹ̀ lọ. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ń ṣòwò, ó sì pẹ́ láyé títí di ọdún 1959. Òkìkí ọrọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé bí èèyàn bá ń béèrè owó tó ju agbára ẹni lọ, ìdáhùn Ọmọ Èkó ni pé, "Ṣé èmi ni Da Rocha ni?" Antonio Olinto, òǹkọ̀wé ọmọ Brazil tó bá ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Èkó, fi ilé yìí sọ ìwé ìtàn àròsọ tó gbé jáde ní ọdún 1969 lórúkọ. Ilé Omi ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ lè dúró lójú títì kí ẹ wò ó.

Ọwọ́ kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́, tó dìde ní nǹkan bí ọdún 1881, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí kàtídírà tá à ń rí lónìí dúró sí. Ti ìsinsìnyí, ẹ̀yìn ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ọ láti rọ́pò ti àtijọ́.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà. Mohammed Shitta, oníṣòwò ńlá tí wọ́n bí ní Sierra Leone, ló ná owó rẹ̀ sí i. Ọ̀gá kọ́lékọ́lé tó pè sí iṣẹ́ ni João Baptista da Costa, Àgùdà ni. Wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894, níwájú Gómìnà Gilbert Carter. Sultan Abdul Hamid ti ilẹ̀ Turkey fi oyè Bey ránṣẹ́ sí Shitta, oyè yẹn ló sì dara pọ̀ mọ́ orúkọ ìdílé wọn. Bí ẹ bá wo iwájú mọ́ṣáláṣí náà dáadáa, ẹ óò rí i pé àwọn òdòdó àti òpó ara rẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Ọwọ́ tó mọ ti ibí náà ló mọ ti ọ̀hún. Wọ́n ṣì ń kírun nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ẹ̀wọ̀n Broad Street

Ní àárín gbogbo èyí ni ìjọba amúnisìn kọ́ ẹ̀wọ̀n sí, láàárín Broad Street àti Hospital Road. Ní ọdún 1882, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn tí inú ń bí sí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iná lù ú. Ní ọdún 1885, ìjọba kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún un kọ́. Ẹ ronú sí i. Èkó kún fún bíríkìlà tó mọṣẹ́ nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ni ìjọba fi gbé bíríkì la òkun kọjá kí wọ́n lè ti àwọn èèyàn mọ́lé.

Àwọn tí orúkọ wọn wà lára owó àti òpópónà wa ti sùn níbẹ̀. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, lọ sẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ní ọdún 1913 àti 1928. Èyí tó kẹ́yìn, nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ Ọba Èṣúgbàyí Ẹlẹ́kọ ni. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Calabar, lẹ́yìn ẹjọ́ ọdún 1963. Yàtọ̀ sí àwọn gbajúmọ̀, àìmọye mẹ̀kúnnù ló wọ ibẹ̀. Wọ́n sì ń yẹgi fún èèyàn níbẹ̀.

Ní ọdún 1979, wọ́n wó ẹ̀wọ̀n náà. Kò sẹ́ni tó sunkún. Ilẹ̀ náà di ààtàn, koríko hù, àwọn tí kò nílé sùn síbẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ Broad Street ló wà, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n bíi góòlù.

Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, ló ní èrò mìíràn. Ó ní kí wọ́n sọ ọ́ di ọgbà tí èèyàn ti lè gba atẹ́gùn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbà, wọ́n sì ṣí Freedom Park ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà ń ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún òmìnira.

Bó ṣe ya ọgbà náà wu èèyàn. Kò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n pamọ́. Ògiri bíríkì àtijọ́ tó yí i ká ṣì wà. Níbi tí yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà, wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ láti fi hàn bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe rí, tí ẹ bá dúró sáàárín rẹ̀, ẹ óò mọ̀ pé àyè tí wọ́n fún odindi èèyàn kò ju ti bẹ́ẹ̀dì yín lọ púpọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni wọ́n gbé ìtàgé ńlá sí. Ní ibi tí wọ́n ti ń pa ẹnu mọ́ títí láé, ibẹ̀ náà ni àwọn olórin ti ń la ẹnu báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Afropolitan Vibes fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú ẹmu nínú ife. Ibẹ̀ náà ni àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà Èkó máa ń wáyé ní oṣù kọkànlá.

Ilé tó kọjú sí Ìta Tinúbú

Ó wá ku ilé kejì. Ìta Tinúbú la ń lọ, tí wọ́n fi sọrí Ẹfúnróyè Tinúbú. Oníṣòwò alágbára ni obìnrin yẹn: iyọ̀, tábà, ohun ìjà, ó sì ta ẹrú pẹ̀lú. Ní ọdún 1856, Campbell tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó. Ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864. Omi tó ń tú sókè ní àárín ìta náà, àwọn ará Lebanon tó ń gbé Èkó ló fi ta wá lọ́rẹ nígbà òmìnira ọdún 1960.

Ní ìgun ìta yìí ni Ilojo Bar wà. Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà, kọ́ ọ. Wọ́n ń ta ọtí àti oúnjẹ nínú rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ lórí, irin báńkóní rẹ̀ rẹwà, kò sì sí ẹni tó ń ya fọ́tò Ìta Tinúbú tí ilé náà kì í hàn nínú rẹ̀. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ìta tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ta ẹrú, àti ilé àwọn tó padà dé láti ilẹ̀ tí wọ́n kó ẹrú lọ, wọ́n ń wojú ara wọn.

Ní ọdún 1933, Alfred Ọmọ́lànà Ọláìyá ra ilé náà, ó sì di ilé ẹbí. Ní ọdún 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé rẹpẹtẹ ní àárín Erékùṣù, wọ́n ní ibẹ̀ dọ̀tí, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 1956, wọ́n kéde Ilojo Bar gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, ó bọ́ lọ́wọ́ ti ìjọba.

Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ọjọ́ Sunday, tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe Iléyá, tí ilé iṣẹ́ ìjọba ti tì, wọ́n wó o. Kí àwọn èèyàn tó dé láti ibi ọdún, ilé ọdún 161 ti di òkìtì erùpẹ̀. Àwọn fọ́tò rẹ̀ kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sunkún lórí Twitter lọ́jọ́ yẹn ni kò mọ orúkọ ilé náà kó tó wó.

Kí ló dé?

Ó rọrùn láti bínú sí ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó láti inú ilé. Ilé ẹbí ni. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn tó ni ín ń pọ̀ sí i, ọwọ́ olúkúlùkù sì ń kéré sí i. Òrùlé ń jò, ògiri ń là. Kí á tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe, owó ńlá ni. Kí á wó o kọ́ ṣọ́ọ̀bù, owó ńlá ló ń mú wọlé, ní Erékùṣù níbi tí yàrá kékeré kan ti lè bọ́ ìdílé. Òfin sọ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ wó o, kò sọ fún wọn ibi tí owó àtúnṣe yóò ti wá. Ìwé òfin kì í dí òrùlé tó ń jò.

Ẹ wá fi wé mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. Wọ́n ń kírun níbẹ̀, nítorí náà wọ́n ń gbá a, wọ́n ń kùn ún, bí òrùlé bá jò lónìí, àwọn jámáà á dá owó lọ́la. Ẹ fi wé Freedom Park. Ó ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba owó, ó ní àwọn tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀, ó ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tọ́jú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé katakata débẹ̀ lóru, ariwo á ti ta kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilojo Bar ní orúkọ nínú ìwé ìjọba, kò ní ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ ká fò. Freedom Park kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá sí. Wọ́n ti wó ẹ̀wọ̀n náà. Ilẹ̀ àti ìtàn ló kù, wọ́n sì fi òpó tuntun ya àwòrán ohun tó wà níbẹ̀. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀wọ̀n, torí bíríkì tí wọ́n kó wá láti òkèèrè ni, igun mẹ́rin ni yàrá, ẹnikẹ́ni lè tún un yà. Ta ló máa tún òdòdó tí bíríkìlà Àgùdà fi ọwọ́ mọ ní ọdún 1855 mọ? Ẹni náà ti lọ, ọwọ́ náà ti lọ. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyí: ohun tí wọ́n fi ṣe wá la rí ọgbà ẹlẹ́wà kọ́ fún, ohun tí àwa fúnra wa fi ọwọ́ wa ṣe la jẹ́ kó lọ. Àwọn méjèèjì ló yẹ kó wà. Ọmọ tó bá mọ Broad Street nìkan á rò pé ẹ̀wọ̀n ni gbogbo ìtàn bàbá òun.

Kò tíì bọ́ pátápátá. Ilé Omi ń bẹ ní Kakawa. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ń bẹ. Àwọn ilé Àgùdà díẹ̀ ṣì wà káàkiri àwọn òpópónà tá a dárúkọ yìí, àwọn mìíràn fara pamọ́ sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ àti pátákó ìpolówó. Bí ẹ bá lọ sí Balógun lọ́jọ́ Sátidé, ẹ gbójú sókè ju ọjà lọ. Bí ẹ bá rí fèrèsé tó tẹ̀ lórí, ẹ kí àwọn onílé kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ béèrè ta ló kọ́ ọ. Bí ìyá àgbà yín bá jẹ́ ọmọ Erékùṣù, ẹ tẹ ohùn wọn sórí fóònù yín lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá sì wà lára ẹbí tó ni irú ilé bẹ́ẹ̀, ìpàdé ẹbí yín tó ń bọ̀ ni kí ẹ ti béèrè ohun tó lè mú owó wọlé láì wó ògiri: ilé oúnjẹ, ibi àfihàn iṣẹ́ ọnà, yàrá fún àlejò. Ilojo Bar, ilé oúnjẹ ló kúkú jẹ́ nígbà tó ń gbádùn ara rẹ̀.

Ibi tá a máa dúró sí lónìí nìyí. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sọ ilé àtijọ́ tó wà ní àdúgbò tiyín àti ẹni tó kọ́ ọ. A ó gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ó dìgbà o.